Kókó Tí Kò-ní-tú Ta fún Ayaba

Ẹ ti fura. Ọkùnrin tí àwọn ènìyàn bá sọ ní Kò-ní-tú, tí ó sì ń jẹ́ orúkọ náà bí ẹni tó ń jẹ oyè, okùn kan ń bẹ níbì kan tó ń dúró dè é. Ìfura yín tọ́. Ẹ sì ti fura pé màlúù tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí yóò bí ní àbíyè. Èyí náà tọ́, mo sì tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà káwọ́ lérí nítorí ẹran. Wọ́n ní màlúù tí kò ní ìrù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Ayaba, màlúù tiwa yìí, ní ìrù tirẹ̀, ó gùn, ó sì mọ̀ ọ́n lò. Ọkùnrin wa ni kí ẹ máa wò.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi di ẹrù sórí tírélà. Àpò sìmẹ́ńtì ni o, pákó ni o, bẹ́ẹ̀dì ni o, àga ilé-ìwé ni o, ohun tó bá ti gorí ọkọ̀ ti di tirẹ̀. Yóò ta tapólì bò ó, yóò fa okùn lọ, yóò fà á bọ̀, yóò wá ta kókó kan sí ìdí rẹ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ tú u níbi tí ẹrù ń lọ yóò kọ́kọ́ bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn awakọ̀ ló sọ ọ́ ní Kò-ní-tú. Àwọn kan fi ìmoore pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn, tí wọ́n ti fi eyín tú kókó náà rí, ní ohun mìíràn lọ́kàn. Ti àwọn ti àkọ́kọ́ nìkan ni etí rẹ̀ gbà.

Nígbà tí orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jiyàn, ó fẹ̀yìn tì, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń sin màlúù oníwàrà. Ìyá Oko ni gbogbo ènìyàn ń pe ẹ̀gbọ́n yìí. Ó fi ọdún méje ju àbúrò rẹ̀ lọ, òun ló ń nu imú fún un ní kékeré, ẹni tó bá sì gbọ́ bí ó ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ yóò mọ̀ pé kò tíì fi aṣọ ìnumú náà pamọ́. Ogójì màlúù ló wà lóko náà. Ìyá Oko fi wàrà fífún lé ìyàwó àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí pé ó rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé obìnrin náà ń kí àwọn ẹran kó tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ó fi géètì, ọgbà àti okùn lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí pé kò sí ohun mìíràn tó sọ pé òun mọ̀.

Okùn kì í ṣe iṣẹ́ kékeré níbẹ̀. Màlúù tí ọmọ há sí nínú kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́ àti ẹni tó fẹ́ ṣe é níkà. Ìpá ni yóò fi dá àwọn méjèèjì lóhùn, bí kò bá sì ta ìpá, yóò fi ìhà tẹ ènìyàn mọ́ ògiri bí ìgbà tí a bá tẹ èèrà. Nítorí náà, a ní láti fi ìjánu bọ̀ ọ́ lórí, kí a so ó mọ́ òpó, kí ẹni tó fẹ́ ki ọwọ́ sínú rẹ̀ lè ní ọwọ́ náà títí di ọ̀la. Ṣùgbọ́n ẹran tó ń rọbí lè wó lulẹ̀ nígbàkugbà, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá wó, tí orí rẹ̀ sì ṣì wà lókè lára òpó, okùn tó ń dáàbò bo gbogbo yín yóò di okùn tó ń fún un lọ́rùn. Okùn ìrọbí ní láti mọ iṣẹ́ méjì: kí ó dì mú bí ẹni pé kò ní í jù ú sílẹ̀ láé, kí ó sì jù ú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tí a bá ní kó jù ú sílẹ̀. Kò-ní-tú mọ ìdajì iṣẹ́ yìí ju ẹnikẹ́ni láyé lọ.

Ìdajì kejì ló dá wàhálà sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Màlúù aláwọ̀ eérú kan wó lulẹ̀ nígbà tó ń bímọ, kókó sì wà lókè, ó ń ṣe ohun tí wọ́n fi ń pè é. Ènìyàn méjì ló fi ayùn tí wọ́n fi ń gé ẹ̀ka igi rẹ́ okùn náà kí ẹran tó rí èémí mí. Kò kú, ọmọ rẹ̀ náà kò kú, ṣùgbọ́n odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi wúkọ́ bí àgbàlagbà tó fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé òun ti dé. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, Kò-ní-tú sọ pé òun kò fẹ́ yin ara òun o, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣáà kíyè sí i pé kókó náà kò yẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Dókítà, obìnrin tó ń tọ́jú ẹran fún gbogbo àwọn oko àgbègbè náà, ti kọ́ wọn ní kókó mìíràn. Fà-á-kó-tú ni wọ́n ń pè é. Ènìyàn yóò gba okùn yí òpó ká, yóò ká a bí òrùka kan, yóò ti òrùka mìíràn bọ inú rẹ̀, yóò sì jẹ́ kí ìdí okùn máa rọ̀ dirodiro. Bí màlúù bá fà á láti òkè, yóò le sí i. Bí ènìyàn bá fa ìdí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tú pẹrẹ, okùn á ṣubú. Kò-ní-tú wò ó bí bàbá ṣe máa ń wo eré tí ọmọ rẹ̀ kó wá láti ilé-ìwé. Ó ní ó dára. Ó ní ṣùgbọ́n ṣé kókó nìyẹn, àbí ẹ̀bẹ̀?

Ì bá máa fi ojú yẹn wò ó lọ bí kì í bá ṣe ti ọjọ́ Sátidé kan tó ń bọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn olùsìn màlúù fẹ́ wá kọ́ṣẹ́ ní oko Ìyá Oko, ọgbọ̀n ènìyàn, láti mọ bí a ṣe ń ran màlúù lọ́wọ́ nígbà tí ìbímọ bá le. Dókítà yóò kọ́ wọn ní ti ọwọ́. Ẹnì kan ní láti kọ́ wọn ní ti okùn.

Láti ìgbà tí Kò-ní-tú ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni oorun rẹ̀ ti fúyẹ́. Ó rí ara rẹ̀ níwájú ọgbọ̀n ènìyàn, okùn ní ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì lẹ́yìn. Ó ní kí ìyàwó òun bá òun rán orúkọ òun sí àpò àyà aṣọ iṣẹ́ òun, pẹ̀lú òwú pupa. Obìnrin náà béèrè bóyá ó dá a lójú pé Kò-ní-tú ni ó yẹ kí olùkọ́ kókó tó ń tú kọ sí àyà. Ó ní kó máa rán an lọ.

Ìyá Oko jẹ́ kó rán aṣọ tán kó tó sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní Ayaba máa bí láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, àkọ́bí rẹ̀ sì ni, ìbàdí rẹ̀ kéré, ó ṣeé ṣe kó le. Bí ó bá le, Kò-ní-tú ni yóò so ó. Bí okùn bá tú nígbà tó yẹ kó tú, àbúrò òun ni yóò dúró níwájú ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, òun yóò sì fúnra òun pàtẹ́wọ́. "Tí kò bá tú," ó ní, "ọwọ́ ìyàwó rẹ ni okùn oko yìí máa bọ́ sí, ìwọ lo sì máa bá wa to àga."

Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tó ti di ẹrù tó tó ilé alájà mẹ́ta ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ fà-á-kó-tú. Ó so ẹsẹ̀ tábìlì. Ó so ọwọ́ báàgì ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà sì pẹ́ dé ibi tó ń lọ. Ó so ọwọ́ ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ mọ́ irin ojú fèrèsé, láìbéèrè ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Kókó tó jáde lọ́jọ́ náà kì í ṣe fà-á-kó-tú; ogún ìṣẹ́jú ni Ìyá Oko lò níbẹ̀, ó sì fi ogún ìṣẹ́jú náà rántí gbogbo ohun tí àbúrò rẹ̀ ti ṣe láti ìgbà tó ti ń rákò, ó ń kà wọ́n jáde ní ohùn rara.

Àṣìṣe kan náà ló ń ṣe ní gbogbo ìgbà. Bí ó bá jókòó, tí ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, tí kò sọ̀rọ̀, kókó náà a jáde bó ṣe yẹ. Bí ó bá ti la ẹnu báyìí láti ṣàlàyé, ọwọ́ á rántí tírélà, á fi ìyípo kan lé e, ìyípo kan péré, kókó náà á sì tì pa. Ìyàwó rẹ̀, tó máa ń ti ibi wàrà dé pẹ̀lú apá tó ti rẹ̀, ló ń di ìdí okùn mú fún un lálaalẹ́. Yóò fà á, yóò ní "Ó tú," tàbí kó ní "Kò tú." Kì í sọ ju ìyẹn lọ. Títí ọjọ́ Wẹ́sidé, nínú mẹ́wàá, mẹ́jọ ti ń tú, Kò-ní-tú sì sọ pé méjì tó kù, okùn ló ń ya aláìgbọ́ràn.

Ọ̀sán Tọ́sidé ni Ayaba dá ọjọ́ tirẹ̀. Ó ti wà ní yàrá ìrọbí láti àárọ̀, ó ń dìde, ó ń jókòó, ó ń wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Omi rẹ̀ ti ya. Pátákò kan yọ, imú funfun kékeré sì yọ sórí rẹ̀, lẹ́yìn náà kò sí ohun tó yọ mọ́ fún wákàtí kan gbáko. Pátákò kan kò tó. Méjì ló yẹ kó ṣáájú. Ìyá Oko fóònù Dókítà. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ fi wọlé, tó bọ́ aago, tó wọ bàtà òjò, tó sì ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ dé èjìká nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n bá òun mú orí Ayaba wá síbi òpó.

Kò-ní-tú ti wà níbẹ̀. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ náà, òwú pupa ń tàn láyà rẹ̀. Ó fi ìjánu bọ Ayaba lórí, ìyẹn dára. Ó fà á lọ síbi òpó, ó jẹ́ kí ìhà òsì rẹ̀ súnmọ́ irin ọgbà, ìyẹn náà dára. Ó wá ta kókó. Kò wò ó bó ṣe ń ta á, nítorí pé ẹni tó mọṣẹ́ kì í wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ojú Dókítà ló ń wò. Ó ń sọ fún un pé àwọn ènìyàn kan rò pé agbára ni wọ́n fi ń so ẹran, pé kì í ṣe agbára rárá, làákàyè ni. Ó fi ọwọ́ gbá òpó náà lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó kí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní kí ìyàwó òun dúró ti òpó, kó máa wo ojú òun lọ́hùn-ún lẹ́yìn ẹran, nígbà tí òun bá sì ní "Fà á," kó fa ìdí okùn.

Ìyàwó rẹ̀ wo òpó. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá wo ibí yìí kí ẹ tó lọ."

"Ibi tí mo fi ọ́ sí ni kí o dúró sí, Ìyá wọn," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́." Ó sì kọjá sí ẹ̀yìn ẹran, níbi tí Dókítà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà, ó sì parí àlàyé làákàyè náà fún wọn. Àlàyé ọ̀hún ní orí mẹ́ta. Ó mẹ́nu ba tírélà kan tó gun òkè nínú òjò. Dókítà jẹ́ ọmọlúwàbí. Ó gbọ́ ọ títí ọṣẹ fi fẹ́ gbẹ mọ́ ọn lápá, kó tó béèrè bóyá òun lè bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ iwájú ọmọ náà ló ká sẹ́yìn. Dókítà sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó fara ti ìdí Ayaba, ojú rẹ̀ ń wo òkè àjà, apá rẹ̀ wà nínú dé ibi tí apá kan lè dé. Ó ní òun yóò ti orí ọmọ náà padà díẹ̀, òun yóò wá ẹsẹ̀ náà rí, òun yóò fi àtẹ́lẹwọ́ bo pátákò rẹ̀ kó má baà ya ìyá rẹ̀ nínú, òun yóò sì mú un wá síwájú. Gbogbo èyí ní láti jẹ́ láàárín ìrọbí kan sí èkejì, nítorí pé bí Ayaba bá fún pọ̀, apá Dókítà kò yàtọ̀ sí igi tí wọ́n há sáàárín ilẹ̀kùn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló rí ẹsẹ̀ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ayaba ta ìpá kan, ó fi gbogbo ọrùn fa okùn, ó gbìyànjú láti yí padà. Okùn náà dún kíríkírí lára òpó. Kò yẹ̀. Láti iwájú, àwọn tó wà lẹ́yìn ń gbọ́ ohùn ìyàwó Kò-ní-tú, jẹ́jẹ́, tó ń sọ fún Ayaba ohun tí yóò máa sọ fún un tó bá ń fún wàrà rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, bí ẹni pé ọjọ́ náà ti dé: pé ó ti ṣe é tán, pé ó kù díẹ̀, pé ọmọ dáadáa ni. Kò-ní-tú fi ìgúnpá gún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ díẹ̀. Ó ní ṣé wọ́n rí i bí ó ṣe dì mú?

Ìyá Oko ní òun rí i. Ó ní ìyẹn kọ́ ni òun ń dúró dè.

Ní ìgbà kẹrin, Dókítà mí kanlẹ̀, ó ní, "Mo ti mú un," pátákò kejì sì yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkínní, ó ń dán, ó pọ́n bí eyín àgbàdo. Ó fi ṣéènì kékeré sí ẹsẹ̀ ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, lókè ọrùn ẹsẹ̀, kó má baà dá egungun. Ó fa ọ̀kan lé Kò-ní-tú lọ́wọ́, ó fa èkejì lé Ìyá Oko lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n má ṣe fà á àfi bí Ayaba bá ń rọbí. Kí wọ́n sinmi bí òun náà bá sinmi. Kí wọ́n fà á sísàlẹ̀, ọ̀nà ilẹ̀, kì í ṣe ọ̀nà ara wọn. Ó ní kò sí ìdíje níbí o. Ó sọ èyí tó kẹ́yìn nítorí pé ó rí ojú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà.

Wọ́n fà á. Wọ́n sinmi. Wọ́n fà á. Imú yọ dé ojú, ahọ́n ọmọ náà jáde ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, ó nípọn, ó ti ń ṣú.

Nígbà náà ni orúnkún Ayaba yẹ̀.

Kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ méjèèjì iwájú rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí àgbà, ó gbéra padà, ó tún rọ̀. Gbogbo wọn mọ ohun tó kàn. Ìyá Oko yí ojú rẹ̀ kúrò lára ọmọ, ó wo àbúrò rẹ̀, kì í ṣe ojú ẹ̀gbọ́n ló sì fi wò ó, ojú ẹni tó ní màlúù ni. Màlúù aláwọ̀ eérú ọdún tó kọjá ń wúkọ́ nínú ojú yẹn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti ń ta kókó, Kò-ní-tú gbàdúrà pé kí kókó òun tú.

"Fà á," ó kígbe. "Ìyá wọn, fà á."

Okùn náà sì lọ. Ó yí kúrò lára òpó wọ̀ọ̀ bí ejò tó rántí iṣẹ́ kan. Orí Ayaba bá ara rẹ̀ wálẹ̀, ó balẹ̀ jẹ́jẹ́ lórí koríko gbígbẹ, ọrùn rẹ̀ nà gbalaja, èémí rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde. Ó dùbúlẹ̀ sí ìhà ọ̀tún, bí ìwé ṣe ní kó dùbúlẹ̀. Ó rọbí kan tí gbogbo ara rẹ̀ fi gbọ̀n, wọ́n fà á sísàlẹ̀, èjìká kọjá. Ó rọbí òmíràn, ọmọ náà sì yọ̀ jáde pẹ̀lú omi gbígbóná, ó bọ́ sí wọn lẹ́sẹ̀, gbogbo wọn jókòó sínú ẹrọ̀fọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Dókítà fi koríko kan rin ín nímú. Ó sín. Abo ni.

Ẹ wo bí ayọ̀ ṣe máa ń rí níbi iṣẹ́: olúkúlùkù padà sídìí ohun tó kàn án. Ayaba yí orí padà, ó gbóòórùn ohun tó fa gbogbo wàhálà yìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá a láti iwájú orí. Dókítà ń fọ apá. Ìyàwó Kò-ní-tú lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó ṣí i, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sábẹ́ rẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bí ọwọ́ ẹni tó fa okùn lẹ́ẹ̀kan ṣe yẹ kó pẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ta ló ń wo ẹni tó ń fọwọ́? Kò-ní-tú ń wo òpó. Òpó dá dúró, kò sí ohunkóhun lára rẹ̀. Okùn wà nílẹ̀, ó nà tààrà.

"Ó tú," ni Ìyá Oko wí.

Ọ̀rọ̀ méjì péré. Ó ti tó ọgọ́ta ọdún tí àbúrò rẹ̀ ti ń retí ọ̀rọ̀ méjì lẹ́nu rẹ̀ tí kò ní "imú" nínú.

Dókítà dúró bá wọn jẹun ìrọ̀lẹ́. Oòrùn kò tíì wọ̀. Ó gba fèrèsé ilé ìdáná wọlé, ó tẹ́ sórí tábìlì láàárín búrẹ́dì àti ife wàrà. Gbogbo wọn ti wẹ̀, ara tù wọ́n, wọ́n sì ń jẹun bí àwọn tó mọ̀ pé ohun tí àwọn ṣe lónìí ń mu ọyàn lọ́wọ́ ní yàrá ìrọbí. Kò-ní-tú sọ ìtàn náà lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú ti àkọ́kọ́, ó kígbe pé kí ìyàwó òun fà á. Nínú ìkejì, ó sọ fún un. Nínú ìkẹta, Ayaba ti tóbi tó erin, Kò-ní-tú sì kàn gbé ìpéǹpéjú sókè sí obìnrin náà ni. Ìyá Oko rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Ó ní òun kò lè parọ́, òun kò rò pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Pé kó lọ lọ aṣọ rẹ̀, àbúrò òun ni yóò dúró níwájú ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Dókítà ní òun náà yóò pàtẹ́wọ́. Ìyàwó Kò-ní-tú bu wàrà sí ife ọkọ rẹ̀, ọwọ́ òsì ló fi gbé e, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí pé ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni inú ọkùnrin náà máa ń dùn láìba nǹkan jẹ́.

Ká ní Kò-ní-tú jókòó báyìí, tó mu wàrà rẹ̀, tó lọ sùn, kì bá tí sí ìtàn. Ṣùgbọ́n ó dìde. Ó mú okùn náà wá láti ibi tó fi kọ́, ó ní kí Dókítà wò ó dáadáa, nítorí pé gan-an bí òun ṣe ta á lónìí ni òun yóò ṣe kọ́ wọn. Ó gba okùn yí ẹ̀yìn àga kan ká. Ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń ta á: ó ní ọgbọ̀n ènìyàn ni, ó ní olúkúlùkù ni yóò ta á níwájú òun kó tó lọ ilé, ó ní nígbà tí yóò bá fi di Mọ́ńdè, kókó yìí kan náà ni yóò wà lọ́rùn gbogbo màlúù tó bá ń rọbí láti ibí dé odò. Ọwọ́ rẹ̀ yí, ó tún yí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fà á le. Ó gbá àga náà lẹ́ẹ̀mejì.

Dókítà wo kókó náà, ó sì mú búrẹ́dì. Ìyàwó Kò-ní-tú wo kókó náà. Ó gbé ife kalẹ̀.

Ó ti pinnu pé òun kò ní í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti bá ọkọ rẹ̀ gbé ohun tó wúwo ju èyí lọ, kò sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ènìyàn ni, ọgbọ̀n òpó, àti ọgbọ̀n ẹran tó lè wó lulẹ̀ láìbéèrè. Ó ń rò ó lọ́wọ́ ni ọkọ rẹ̀ yíjú sí i, tayọ̀tayọ̀, bí ẹni tó pe ẹlẹ́rìí tó dá a lójú.

"Ìyá wọn, ìwọ náà lo fà á. Sọ fún Dókítà. Ṣé ẹ̀ẹ̀kan lo fà á tó fi tú, àbí ẹ̀ẹ̀mejì?"

"Mi ò fa nǹkan kan, Bàbá wọn," ni obìnrin náà wí. "Èyí tí ẹ ta sórí àga yìí náà lẹ ta sórí òpó. Mo ti tú u kí Ayaba tó fà á le, nígbà tí ẹ ń sọ ti tírélà. Mo ká okùn náà mọ́ òpó lẹ́ẹ̀mejì lásán, mo sì di ìdí rẹ̀ mú. Nígbà tí ẹ kígbe, mo la ọwọ́ mi."